Bàtà Ọdẹ fún Òru Ọyẹ́: Bí A Ṣe Ń Yan Èyí Tí Ẹsẹ̀ Kò Ní Tutù Nínú Rẹ̀

Láti oṣù Ọ̀pẹ títí wọ Èrèlè, ọyẹ́ a máa mú gan-an ní Yàgbà, Ìjùmú, Búnú àti Ọ̀wọ́rọ̀, ní ilẹ̀ Òkun ní ìpínlẹ̀ Kogí. Ọ̀sán lè gbóná dé ìwọ̀n 33 tàbí 35 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì, ṣùgbọ́n kí àkùkọ tó kọ, ó lè ti wálẹ̀ dé bí 16 tàbí 18, pàápàá ní ẹsẹ̀ àwọn òkè olókùúta tó yí Ògìdì àti Kàbà ká. Ọdẹ tó jáde ní agogo mẹ́jọ alẹ́, tó gba inú koríko onírìí kọjá, tó wá gun ẹ̀gùn lórí igi ní ọ̀gànjọ́ pẹ̀lú òógùn lára, ẹsẹ̀ rẹ̀ ni òtútù yóò kọ́kọ́ mú. Bí ẹsẹ̀ bá sì ti tutù, ìdúró jẹ́ẹ́ ti tán. Á máa fi ẹsẹ̀ kan nu èkejì, á máa yí ìdí padà, ẹtu á sì gbọ́ ọ.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni pé ènìyàn á lọ sí ìdí àwọn olókìrìkà, á fa bàtà tó nípọn jù lọ yọ nínú òkìtì, á ní èyí ni yóò lé òtútù. Irú bàtà bẹ́ẹ̀, ilẹ̀ tí omi ti ń dì ni wọ́n ṣe é fún. Lọ́dọ̀ tiwa, omi gan-an ni ọ̀tá ẹsẹ̀: òógùn láti inú, ìrì láti ìta. Omi ń gba ooru kúrò lára tó bí ìlọ́po 25 ju afẹ́fẹ́ tó dúró sójú kan lọ. Ìdí nìyẹn tí ìbọ̀sẹ̀ tó rin gbingbin nínú bàtà tó nípọn fi burú ju ìbọ̀sẹ̀ gbígbẹ nínú bàtà fẹ́lẹ́ lọ. Bàtà tí ẹsẹ̀ yóò máa gbẹ nínú rẹ̀ ni kí ẹ wá.

Nọ́ńbà tó wà lára bàtà

Bí ẹ bá yẹ ahọ́n bàtà ọdẹ tó ti Amẹ́ríkà tàbí Kánádà wá wò, ẹ ó rí 200, 400, 800 tàbí 1000, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ "gram" lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, nígbà púpọ̀ pẹ̀lú orúkọ Thinsulate, irú òwú kan tí wọ́n ń fi sínú bàtà kó lè móoru. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ìwúwo bàtà ni. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ń sọ iye gíráàmù òwú ooru tó wà nínú ìwọ̀n mítà kan níbùú, mítà kan lóòró, nínú ohun tí wọ́n fi tẹ́ inú bàtà náà. Bí nọ́ńbà bá ṣe tóbi tó ni òwú náà ṣe pọ̀ tó.

Àwọn tó ń ṣe bàtà náà fi 200 sí ẹni tó ń rìn nígbà tí òtútù kò tíì le, 400 sí ibi tí omi ti fẹ́ máa dì, 800 sí ẹni tó jókòó sójú kan láàárín yìnyín, 1000 sókè sí ẹni tí yóò jókòó fún wákàtí púpọ̀ níbi tí òtútù ti sọ̀kalẹ̀ jìnnà sábẹ́ òdo. Ní ilẹ̀ Òkun, ẹni tó ń fi tọ́ọ̀ṣì orí rìn ká inú igbó lóru kò nílò òwú ooru rárá. Bàtà awọ tí kò ní òwú nínú àti ìbọ̀sẹ̀ onírun àgùntàn kan ti tó. Ẹni tó máa ń wà lórí ẹ̀gùn láti ọ̀gànjọ́ títí di ìdájí lè lo 200, kó má kọjá ibẹ̀. Tí ọdẹ bá rin kìlómítà méjì péré nínú 800, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti làágùn. Nígbà tó bá jókòó tán, òógùn yẹn ni yóò tutù mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, òwú náà kò sì ní gbẹ kí ilẹ̀ tó mọ́ nítorí pé wọ́n ti rán an mọ́ inú bàtà, kò ṣe é yọ sá. Ẹni tó bá ń lọ gbé orí òkè Jọ́ọ̀sì tàbí Mambilla nínú ọyẹ́ ni 400 lè wúlò fún.

Àmì kejì tí ẹ ó rí ni Gore-Tex. Awọ fẹ́lẹ́ kan ni wọ́n fi sáàárín bàtà. Ihò ara rẹ̀ kéré ju kí ẹ̀kán omi gbà á wọlé lọ, ṣùgbọ́n oru òógùn lè gbà á jáde. Nínú ọyẹ́, ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, nítorí afẹ́fẹ́ ìta gbẹ, ó sì tutù ju inú bàtà lọ, èyí ló ń fa oru náà jáde. Nígbà òjò, tí afẹ́fẹ́ kún fún omi, òógùn kì í rí ọ̀nà lọ. Ẹ sì rántí pé bí ẹ bá wọ odò Ọyì tí omi gba ẹnu bàtà wọlé, awọ yẹn kan náà ni yóò há omi náà mọ́ inú. Nínú bàtà òkìrìkà, ibi tó máa ń kọ́kọ́ ya ni ibi tí bàtà ti ń ṣẹ́ lókè ọmọ ìka.

Irú tó wà lọ́jà

Bàtà awọ tó ga dé agbedeméjì ojúgun ni a fara mọ́ jù fún iṣẹ́ òru nínú ọyẹ́. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ awọ náà. Awọ gidi á hun jọ fíntínfíntín bí awọ ẹ̀yìn ọwọ́ àgbàlagbà. Èyí tí wọ́n fi ike bò lójú á kàn wọnú ni, tó bá sì ti ń ṣẹ́, ike á máa bó. Ìlà ìránṣọ tó wà níwájú bàtà, bó bá ṣe kéré tó ló ṣe dára tó, nítorí ihò abẹ́rẹ́ ni ọ̀nà ìrì.

Lẹ́yìn náà, ẹ na ahọ́n bàtà jáde. Ó yẹ kí awọ tàbí aṣọ so ó mọ́ ara bàtà lọ́tùn-ún lósì, ó kéré tán títí dé ihò okùn kẹta láti òkè. Bí kò bá lẹ̀ mọ́ ara bàtà, ibẹ̀ ni ìrì, iyanrìn, ẹ̀ẹ̀mọ́ àti ìjàlọ yóò gbà wọlé. Àwọn tó ń ra bàtà kì í sábà wo ibí yìí, bẹ́ẹ̀ ó ṣe pàtàkì ju orúkọ tó wà lára bàtà lọ. Ẹ yẹra fún ìkọ́ irin tó ń yọ síta lọ́pọ̀, nítorí ìtàkùn á máa kọ́ ọ. Bàtà onísíìpù lẹ́gbẹ̀ẹ́ náà kò bá igbó mu: eruku ọyẹ́ á dí eyín síìpù náà, ìrì á sì gba àárín rẹ̀.

Bàtà òjò onírọ́bà dára fún akùrọ̀ àti koríko tí ìrì ti rin, kò sì gba òórùn ènìyàn sára bí awọ. Àléébù rẹ̀ ni pé òógùn kò ní ọ̀nà àbájáde kankan. Bó bá jẹ́ òun nìkan lẹ ní, ẹ di ìbọ̀sẹ̀ gbígbẹ kan sínú náílọ́ọ̀nù. Tí ẹ bá dé ìdí ẹ̀gùn, ẹ bọ́ bàtà, ẹ fi aṣọ nu ẹsẹ̀ àti inú bàtà, ẹ pààrọ̀ ìbọ̀sẹ̀ kí ẹ tó gùn ún. Nígbà tí ẹ bá ń rà á, ẹ ká ọrùn rẹ̀ wò: bí ìlà funfun bá yọ níbi tó ṣẹ́, ike rẹ̀ ti ń gbó, kò ní pẹ́ tí yóò fi ya. Ẹnu rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ fẹ̀ jù, torí pé ẹnu tó bá fẹ̀ á máa gbá ojúgun pàá-pàá ní gbogbo ìṣísẹ̀, ẹran á ti sá kí ọdẹ tó dé. Irú kan wà tí ọrùn rẹ̀ jẹ́ rọ́bà rírọ̀ tí wọ́n ń pè ní neoprene. Èyí tó nípọn tó mìlímítà 3 ṣe é fara dà fún ẹni tó ń jókòó létí odò, ti mìlímítà 5 gbóná jù, ẹ̀gún sì máa ń tètè ya méjèèjì.

Bàtà jọ́ńgù tí ara rẹ̀ jẹ́ kánfáàsì, tó ní ihò kékeré méjì onírin lẹ́gbẹ̀ẹ́ nísàlẹ̀, ihò yẹn wà kí omi tó bá wọlé lè jáde. Ó fúyẹ́, ó ń tètè gbẹ, ó bá ìgbẹ́ ọ̀sán pẹ̀lú ajá mu. Ṣùgbọ́n ihò tí omi ń gbà jáde náà ni ìrì ń gbà wọlé, nítorí náà kì í ṣe ti òru ọyẹ́. Ẹ kíyè sí i pé òfin Nàìjíríà kọ̀ kí aráàlú máa wọ aṣọ ológun. Ẹ má ṣe ra bàtà aláwọ̀ ológun, kí wọ́n má baà dá yín dúró lójú ọ̀nà. Dúdú tàbí àwọ̀ ilẹ̀ lásán dára jù.

Òmíràn ni èyí tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ rọ́bà, tí òkè rẹ̀ jẹ́ awọ. Leon Leonwood Bean, ará ìpínlẹ̀ Maine ní Amẹ́ríkà, ló kọ́kọ́ tà á fún àwọn ọdẹ ní ọdún 1912. Nínú 100 àkọ́kọ́ tó tà, 90 ni wọ́n dá padà, nítorí pé awọ òkè já kúrò lára rọ́bà ìsàlẹ̀. Ó dá owó oníkálùkù padà, ó sì tún un ṣe. Títí di òní, ojú ibẹ̀ náà ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò: ẹ fi ọwọ́ méjì fa awọ àti rọ́bà kúrò lára ara wọn yíká bàtà náà. Tí òwú bá na, tàbí tí ihò abẹ́rẹ́ bá ti ya di gígùn, ẹ fi sílẹ̀. Bí tìmùtìmù tó ṣe é yọ bá wà nínú rẹ̀, àǹfààní ńlá ni, ẹ ó lè yọ ọ́ sá.

Bàtà sáfẹ́tì onírin níwájú, irú èyí tí àwọn òṣìṣẹ́ sìmẹ́ǹtì ń wọ̀ ní Ọ̀bájànà, wà níbi iṣẹ́ tirẹ̀. Nínú igbó lóru, irin náà ń fa òtútù mọ́ ọmọ ìka, kì í jẹ́ kí ìka ní àyè, ó sì wúwo. Kílò kan lẹ́sẹ̀ ń gba agbára tó bí kílò márùn-ún lẹ́yìn. Bàtà méjèèjì pọ̀ kò yẹ kó ju kílò kan àti ààbọ̀ lọ púpọ̀.

Àtẹ́lẹsẹ̀ tó ń kú láìsọ fún ẹnikẹ́ni

Ibí ni owó ti ń ṣòfò jù lọ́jà òkìrìkà. Láàárín awọ òkè àti rọ́bà ìsàlẹ̀, ọ̀pọ̀ bàtà ní fóòmù kan tó ń mú kí ìrìn rọ ẹsẹ̀ lọ́rùn. Polyurethane ni wọ́n sábà fi ń ṣe é. Ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, yálà ẹ wọ bàtà náà tàbí ẹ kò wọ̀ ọ́. Kódà, èyí tó wà nínú páálí láìwọ̀ tètè ń bàjẹ́ ju èyí tí wọ́n ń wọ̀ déédéé lọ, nítorí bí ènìyàn ṣe ń tẹ̀ ẹ́ ń lé ọ̀rinrin jáde nínú rẹ̀. Láàárín ọdún márùn-ún sí mẹ́wàá, ó lè di bíi èérún búrẹ́dì gbígbẹ. Bàtà náà á ń dán lójú bíi tuntun, ṣùgbọ́n ní òru àkọ́kọ́ tí ẹ bá wọ̀ ọ́ gun àpáta, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ lè bọ́ sílẹ̀ sẹ́yìn yín.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ fi èékánná tẹ ẹ̀gbẹ́ fóòmù náà. Èyí tó wà láàyè á padà sípò. Bó bá dúró sí kòtò bẹ́ẹ̀, tó lẹ̀ mọ́ ìka, tàbí tó ṣí bí èèpo, ó ti kú. Ẹ wá fi ọwọ́ méjèèjì ṣẹ́ bàtà náà níbi tí ọmọ ìka ti ń ṣẹ́, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, kí ẹ sì wò ó lẹ́gbẹ̀ẹ́ bóyá ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ ń yọ. Ẹ fa etí àtẹ́lẹsẹ̀ níwájú àti ní gìgísẹ̀. Níkẹyìn, ẹ wá oṣù àti ọdún tí wọ́n ṣe é lórí ìwé ahọ́n rẹ̀ tàbí lára àtẹ́lẹsẹ̀. Bó bá ti kọjá ọdún mẹ́jọ, tí ó sì ní fóòmù, ẹ má rà á bó ti wù kó pọ́. Ṣúmékà kò lè gbà á là, nítorí ohun tí gọ́ọ̀mù yóò dì mú ti di lẹ́búlẹ́bú. Òwú tó bá fi rán an yíká á sì gé fóòmù náà bí ọ̀bẹ. Bàtà tí rọ́bà gidi nìkan wà nísàlẹ̀ rẹ̀, tí wọ́n fi òwú rán mọ́ awọ yíká, kò ní ìṣòro yìí, bó tilẹ̀ wúwo díẹ̀.

Ní ti ojú tó ń kan ilẹ̀, orí àpáta onírìí ni ìdánwò wà. Ẹ fi èékánná tẹ rọ́bà náà. Bó bá gba àmì díẹ̀ tó sì padà, yóò di àpáta mú. Èyí tó le bí ike, tó ń dán, á yọ̀, á sì máa dún kọ̀-kọ̀ lórí òkúta. Eyín rẹ̀ yẹ kó jìn tó mìlímítà 4 tàbí 5, kí àárín wọn sì gba ara wọn láyè kí ẹrẹ̀ lè bọ́. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti jó ìgbẹ́, kùkùté àti ìdí koríko tó jó kù máa ń mú bí ìṣó. Nítorí náà ẹ ki ọwọ́ kan bọ inú bàtà, kí ẹ fi àtàǹpàkò kejì tì í láti ìsàlẹ̀. Tí ẹ bá mọ̀ ọ́n lára nínú, ó ti fẹ́lẹ́ jù.

Wíwọn ẹsẹ̀

Ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ wọn ẹsẹ̀, lẹ́yìn iṣẹ́ oko, nígbà tó ti wú díẹ̀, nítorí bẹ́ẹ̀ ni yóò rí lóru ìgbẹ́. Ẹ dúró lórí ìwé, kí gìgísẹ̀ kan ògiri, kí ẹnìkan fi bírò sàmì sí orí ìka tó gùn jù. Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn jù. Ẹ wọn ẹsẹ̀ méjèèjì, kí ẹ lo èyí tó tóbi. Inú bàtà yẹ kó fi sẹ̀ǹtímítà kan tàbí díẹ̀ lé jù ú lọ. Nọ́ńbà 43 ti Yúróòpù sún mọ́ 9 ti ìlú Ọba àti 10 ti Amẹ́ríkà fún ọkùnrin, ṣùgbọ́n ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé nọ́ńbà. Ẹ yọ ìtẹ́nú bàtà jáde, ẹ dúró lé e lórí, ojú á rí i.

Ẹ mú ìbọ̀sẹ̀ ìgbẹ́ yín dání lọ sọ́jà. Pẹ̀lú okùn ní títú, ẹ ti ẹsẹ̀ síwájú títí tí ìka yóò fi kan orí bàtà: ìka ọwọ́ kan yẹ kó wọ ẹ̀yìn gìgísẹ̀. Ẹ wá so okùn, kí ẹ rìn. Gìgísẹ̀ lè gbéra tó ààbọ̀ sẹ̀ǹtímítà, kó má jù bẹ́ẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ó máa bó. Ẹ sọ̀kalẹ̀ níbi tó dà gẹ̀rẹ́. Bí ìka bá ń gbá iwájú, èékánná yóò dúdú lọ́jọ́ tí ẹ bá sọ̀kalẹ̀ òkè.

Bàtà tó fún kì í lè móoru. Ẹ̀jẹ̀ ló ń gbé ooru lọ sí ọmọ ìka. Tí bàtà bá fún un mọ́, ooru kò dé ibẹ̀ mọ́. Ìdí nìyí tí ìbọ̀sẹ̀ méjì tó nípọn nínú bàtà kan náà fi ń mú ẹsẹ̀ tutù sí i. Ẹ wọ ẹyọ kan, onírun àgùntàn tàbí èyí tó lú mọ́ náílọ́ọ̀nù. Ó wà lọ́pọ̀ lọ́dọ̀ àwọn olókìrìkà. Ìbọ̀sẹ̀ olówù lásán á mu òógùn bí kànrìnkàn, á sì di omi sára ẹsẹ̀ títí ilẹ̀ yóò fi mọ́.

Gíga bàtà, nítorí ejò

Sẹ̀ǹtímítà 20 sí 25 láti ilẹ̀ ló dára. Paramọ́lẹ̀ àti àwọn ejò kéékèèké ilẹ̀ ọ̀dàn máa ń bu ènìyàn jẹ ní ẹsẹ̀ àti ọrùn ẹsẹ̀ jù, ibi tí bàtà bẹ́ẹ̀ bò. Kí ṣòkòtò tó fẹ̀ wà lórí bàtà, kì í ṣe kí a kì í bọ inú rẹ̀. Eyín ejò lè kan aṣọ tó fẹ̀ yẹn kó tó kan ara. Bí ejò bá ṣá ẹnìkan síbẹ̀, ẹ má fi abẹ kan ibẹ̀, ẹ má so ó pinpin. Ẹ má jẹ́ kó rìn, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá.

Kí bàtà tuntun tó wọ igbó

Ẹ fi ìwé ìròyìn kún inú rẹ̀, ẹ gbé e sínú omi tó dé ọrùn ẹsẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15. Ibi tí ìwé bá ti rin ni ihò wà. Lẹ́yìn tó bá gbẹ, ẹ wọ̀ ọ́ wákàtí kan nílé lójoojúmọ́, ẹ wá wọ̀ ọ́ lọ oko, fún ọ̀sẹ̀ méjì. Eruku àti afẹ́fẹ́ ọyẹ́ máa ń mú kí awọ sán, nítorí náà ẹ fi òrí fẹ́lẹ́ pa á lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kí ẹ sì nù ún dáadáa. Bó bá pọ̀ jù, awọ á rọ kọjá ààlà. Ẹ má lo epo ọkọ̀ tàbí dísẹ́ẹ̀lì, ó ń tú gọ́ọ̀mù, òórùn rẹ̀ sì ń ṣáájú ọdẹ dé ọ̀dọ̀ ẹran.

Ẹ má ṣe gbé bàtà tútù sí ẹ̀bá iná. Ohun tó ń pa bàtà ọdẹ ní kíákíá nìyẹn: gọ́ọ̀mù á yọ́, awọ á gan, àtẹ́lẹsẹ̀ á ṣí. Ẹ yọ ìtẹ́nú rẹ̀, ẹ tú okùn, ẹ ki ìwé bọ inú, kí ẹ pààrọ̀ ìwé náà ní wákàtí méjì-méjì, ẹ wá fi ọ̀pá méjì gbé bàtà dojú dé níbi tí atẹ́gùn ọyẹ́ ti ń fẹ́, lábẹ́ òjìji. Lálẹ́ ọjọ́ tí ẹ ó bá tún jáde, ẹ gbá bàtà mọ́ ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí ẹ tó ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, nítorí àkeekèé fẹ́ràn ibi tó móoru tó sì ṣókùnkùn.